Ìwé Oúnjẹ Bàbá Wẹ́kú

"Èyí, má kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Wẹ́kú bá Jẹ́ẹ́ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Bísíkíìtì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ bàbá náà. Ó tì í bọ inú tíì, ó yọ ọ́ kó tó rọ̀ já, ó jù ú sẹ́nu, ó sì di ojú méjèèjì bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Jẹ́ẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣòkòtò méjì lápá, ó fẹ́ kó wọn lọ fún awakọ̀ kan nísàlẹ̀ àdúgbò. Ó rí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ó lọ.

Kò tó ìdajì wákàtí tó fi padà dé. Bàbá ti gbé orí lé apá lórí tábìlì ìgéṣọ, bó ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án tí oorun bá fẹ́ gbé e lọ. Tíì inú ife ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Jẹ́ẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó fọwọ́ kàn án.

Bísíkíìtì yẹn ò sí nínú ìwé. Ohun tí bàbá ní kó má kọ, kò kọ ọ́.

Ìwé wo? Ẹ ní sùúrù. Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín.

Aránṣọ ni. Ṣòkòtò nìkan ló ń rán. Bí èèyàn bá gbé aṣọ ẹ̀wù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní bínú, á kàn ní ìsàlẹ̀ ìdodo lòun gbọ́, òkè ìdodo ò yé òun, kí onítọ̀hún máa bọ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ bo ẹsẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣe é, nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, áyọ́ọ̀nù jókòó sórí bíríkì kan ní igun. Ṣòkòtò tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní fà á sókè, kò ní fà á sílẹ̀. Á ṣe wẹ́kú. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ wà nínú káàdì ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni ò fi pè é.

Ọmọ àbúrò ẹ̀ obìnrin ni Jẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ìyá ẹ̀ fà á lọ́wọ́ wá. Ìyá náà ní ìwé ò wọ ọmọ yìí lórí, ó ti lo ọdún méjì ní kíláàsì kan náà, ó ti sú olùkọ́, olùkọ́ náà sì ti sú u. Bàbá Wẹ́kú ò wo ojú ọmọ náà. Ọwọ́ ẹ̀ ló wò. Ó ní ìka ẹ̀ gùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Ìyá ẹ̀ lọ bá ọkọ tuntun nílùú míì, ó ń pè lórí fóònù bó bá rántí. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á mi orí, tàbí kó gbé èjìká sókè kó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá Wẹ́kú bá sọ ọ́ ní Jẹ́ẹ́. Ó di géńdé, ó ga ju ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ lọ, orúkọ ò kúrò lára ẹ̀.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni bàbá kọ́kọ́ kọ́ ọ. Téèpù ni. Bàbá á na téèpù yí ìbàdí oníbàárà, á pe iye tó rí, Jẹ́ẹ́ á kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n. Àmọ́ iye tí bàbá pè kọ́ ni Jẹ́ẹ́ gbọ́dọ̀ kọ. "Fi méjì kún un," ni bàbá máa ń wí. Ọ̀kan fún ojú rírán, ọ̀kan fún ikùn tó ń bọ̀ lọ́nà.

"Aṣọ tó bá tóbi ṣeé dín. Èyí tó bá kéré ńkọ́, ṣé oníbàárà lo fẹ́ gé?"

Lọ́dún àkọ́kọ́, Jẹ́ẹ́ gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré. Olùkọ́ kan ló ni ṣòkòtò náà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ níwájú kíláàsì kó lè mú ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, ẹ̀yìn ṣòkòtò sì dá a lóhùn. Bàbá ò na Jẹ́ẹ́. Ó kàn ní kó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ tún un rán níwájú olùkọ́ náà, tí olùkọ́ náà ró aṣọ tábìlì sídìí, tó ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí iye kankan tó wọ inú ìwé Jẹ́ẹ́ láìjẹ́ pé méjì ti gorí ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ á ti kọ ọ́ kí orí ẹ̀ tó gbọ́.

Bàbá Wẹ́kú fẹ́ràn iyọ̀. Á bu iyọ̀ sí oúnjẹ kó tó tọ́ ọ wò. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì máa ń sọ pé Ẹ̀gbọ́n ò lè bàjẹ́ láéláé, wọ́n ti fi iyọ̀ pa ara wọn mọ́ bí ẹja. Bàbá á ní ẹni tí ò bá jẹ iyọ̀, pákó ló ń jẹ, kí káfíńtà máa jẹ tiẹ̀ lọ, ó kúkú wà lọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ní ti ṣúgà, kóró márùn-ún ló ń wọ ife tíì kan. Súìtì wà nínú agolo píìnì. Ẹni tó bá fẹ́ mú píìnì á kan súìtì, bí bàbá bá sì fẹ́ mú súìtì, píìnì á gún un. Ó ní ìyẹn nìkan ni ìyà tó tọ́ sí òun.

Ojú ló kọ́kọ́ kìlọ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, òwú á gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá. Á ní àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ti di olè, wọ́n ti ń ṣe é láìnihò. Jẹ́ẹ́ á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á ti òwú bọ̀ ọ́, á dá a padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí bàbá fi rán ṣòkòtò dúdú kan tán pẹ̀lú òwú aláwọ̀ ewé. Oníbàárà gbé e sókè, ó wò ó, ó rò pé àwàdà ni. Bàbá ò bá a jiyàn. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́ẹ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tan iná sí i lójú. Ó ní awọ kan ti bo ẹyinjú méjèèjì. Ó ní iṣẹ́ kékeré ni, àwọn á yọ ọ́, bàbá á sì sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá dìde, ó ní ó yá, kí wọ́n ṣe é. Dókítà ní kó jókòó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà sì ti gun òkè. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kan irú ojú bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fún un lóògùn, á fi iyọ̀ àti nǹkan dídùn sílẹ̀, wọ́n á tún wò ó ní oṣù mẹ́ta.

"Bí wọn ò bá sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?" bàbá bi í.

Dókítà wo ìwé iwájú ẹ̀. Ó ní ojú náà á máa ṣú lọ bẹ́ẹ̀, títí tí kò fi ní mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀ ìwé. Obìnrin kan tó sígbọnlẹ̀ ni, tó ń rìn kíákíá bí ẹni tí iná wà lẹ́yìn ẹ̀, tó sì ń pe gbogbo arúgbó ní bàbá mi bí ẹni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló bí i. Ó ní kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu bàbá sílẹ̀, iye ẹ̀ àti àkókò ẹ̀, kí wọ́n máa mú un wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó ní ọ̀fun máa ń gbàgbé ohun tó gbé mì, báírò kì í gbàgbé. Bàbá ní òun ò ríran kọ̀wé. Nọ́ọ̀sì tọ́ka sí Jẹ́ẹ́.

Ìwé ìwọ̀n àtijọ́ kan tó ku ìdajì ni Jẹ́ẹ́ mú. Àwọn ìlà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí ìbàdí wà, ó kọ àárọ̀ lé e. Ibi tí itan wà, ó kọ ọ̀sán. Gígùn di alẹ́. Etí ẹsẹ̀ di iyọ̀ àti ṣúgà.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, bàbá fi kóró ṣúgà kan mu tíì, ó jẹ ègé búrẹ́dì méjì. Jẹ́ẹ́ mú báírò. Ó kọ ṣúgà mẹ́ta, búrẹ́dì mẹ́rin.

Kò rò ó. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ìwé ìwọ̀n ni ìwé ìwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nílé yẹn nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ó rò ó náà, ohun kan náà ni ì bá ṣe. Ọ̀bẹ ló fẹ́ kan ojú bàbá. Bí ìwé bá sọ pé nǹkan kéré, tó wá jẹ́ pé ó pọ̀ ńkọ́? Ó sàn kó tóbi.

Ìyà jẹ bàbá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní tíì ti di omi gbígbóná tó ń bínú sí òun. Ó ní ẹyin tí kò níyọ̀ dà bí kí èèyàn máa jẹ ìrọ̀rí. Ó kó gbogbo súìtì inú agolo fún Káfíńtà. Káfíńtà ò tijú, ó wá dúró lójú fèrèsé, ó ń tú bébà súìtì díẹ̀díẹ̀ kí ariwo ẹ̀ lè pọ̀, ó ní ti osàn yìí ló dùn jù o, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ju ìdì òwú bà á. Ó bà á níwájú orí. Ó ní ṣé wọ́n ṣì sọ pé òun ò ríran?

Jẹ́ẹ́ náà fi iyọ̀ sílẹ̀. Kò kéde ẹ̀. Ìkòkò kan náà ló fi ń sè, inú ẹ̀ ló ti ń bu ti àwọn méjèèjì. Bàbá gbọ́ pé kò sí dídún ike iyọ̀ lódìkejì tábìlì. Ó ní kí Jẹ́ẹ́ bu iyọ̀ sí tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ ò ru, kò sẹ́ni tó ní kó bá òun rù ú. Jẹ́ẹ́ gbé èjìká sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá ò rí i, àmọ́ ó mọ̀. Wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì funfun yẹn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹlẹ́wọ̀n méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé, ó fi báírò pupa tọ ìlà kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Ó mi orí.

"Bàbá mi, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Bàbá la ẹnu. Ó pa á dé. Ẹni tí ojú ẹ̀ ti ṣú lè máa bu mẹ́ta kó rò pé ọ̀kan ni, ohun tó rò nìyẹn. Ó ní òun gbọ́, òun á tún ṣe. Nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sílé, ọwọ́ ẹ̀ wà lára ìgbánúnwọ́ Jẹ́ẹ́, ó bi í pé:

"Ṣé gbogbo ohun tí mo jẹ lo kọ?"

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá."

"O ò fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí mi?"

"Rárá."

"O ṣeun."

Ó dín in. Ṣúgà kúrò nínú tíì pátápátá. Búrẹ́dì di ègé kan, Jẹ́ẹ́ kọ mẹ́ta. Ìrẹsì di ṣíbí mẹ́rin, Jẹ́ẹ́ kọ mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì tún wo ìwé, ó ní ìrẹsì ṣì pọ̀. Bàbá tún dín in, ó di ṣíbí méjì. Ó sì ń lo oògùn ṣúgà náà déédéé, láàárọ̀ àti lálẹ́, bí dókítà ṣe pa á láṣẹ, nítorí pé ẹni tó bá ti gbà láti ṣe nǹkan, ṣe ló ń ṣe é. Ara ẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Ọkùnrin tí ṣòkòtò kì í tóbi lára ẹni tó bá rán an fún wá ń fi okùn di tiẹ̀ mọ́dìí. Káfíńtà ò dá àpárá mọ́. Lọ́jọ́ kan ó pe Jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé, àmọ́ bàbá ẹ ti ń di pákó tí wọ́n fá jù. Bí wọ́n bá tún fá a lẹ́ẹ̀kan sí i, á dá.

Jẹ́ẹ́ gbọ́. Àmọ́ ìwé wà níbẹ̀, ìwé ní bàbá ń jẹun. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì gbà á gbọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, bàbá ń na ọwọ́ sí áyọ́ọ̀nù nígbà tí òógùn bò ó. Ó pe Jẹ́ẹ́ ní orúkọ ìyá ẹ̀. Ó ní kó ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ti wà ní ṣíṣí. Lẹ́yìn náà ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn àjákù aṣọ, bí ọmọ tí eré ti sú. Jẹ́ẹ́ kígbe. Àwọn aládùúgbò sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ò mọ̀ pé ó ní irú ohùn yẹn. Káfíńtà da gbogbo pákó inú ọkọ̀ ẹ̀ sójú títì, wọ́n sì gbé bàbá sí i.

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ ẹ̀, ó sáré. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó po ṣúgà mọ́ omi, ó gbé orí bàbá sókè, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá tó lá ètè. Ó ní:

"Ẹ fi kún un."

Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn tó mí.

Nọ́ọ̀sì wá jókòó, ó ṣí ìwé. Ó wò ó, ó wo bàbá, ó tún wo ìwé. Ó ní ẹni tó ń jẹ gbogbo eléyìí, ṣúgà ẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí Jẹ́ẹ́.

"Búrẹ́dì mẹ́ta àná yìí, ta ló jẹ ẹ́?"

"Ọ̀kan ni wọ́n jẹ."

"Mẹ́ta lo kọ síbí."

"Mo fi méjì kún un."

"Kí ló dé?"

Jẹ́ẹ́ ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò le lẹ́nu ẹ̀ rí, àfi ọjọ́ yẹn.

"Kó má bàa kéré."

Káfíńtà káwọ́ lérí. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé sẹ́yìn, ojú ìwé kan, òmíràn, òmíràn, ẹnu ẹ̀ sì ń ka nǹkan tí kò jáde. Jẹ́ẹ́ ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì, èjìká bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí omi fi jáde lójú tí kò ríran yẹn, ó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ò jẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bá a wí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ ọ, kò sì gbàgbé." Ó nawọ́, ó wá ọwọ́ Jẹ́ẹ́ kiri títí ó fi rí i. "Ara la ń wọ̀n, ọmọ mi. A ò tíì fẹ́ rán an."

Ọmọ àbúrò mi ló máa ń pè é fáwọn èèyàn látijọ́. Jẹ́ẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbọ́ ọ.

Dókítà dín oògùn kù. Nọ́ọ̀sì dá búrẹ́dì padà, ó dá ìrẹsì padà, ó ní kí iyọ̀ díẹ̀ wọ ọbẹ̀, ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì tó bá fún un, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́ẹ́ lọ sílé, ó jókòó ti ìwé náà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, ó fi ìlà pa gbogbo iye tó wà níbẹ̀, ó kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ibẹ̀ ló ti wá rí bí oúnjẹ náà ṣe kéré tó. Ó rí ọjọ́ tí bàbá jẹ búrẹ́dì kan àti ṣíbí ìrẹsì méjì láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó rántí pé bàbá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ òun nítorí ìwé yẹn.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ẹ̀jẹ̀ ti rọlẹ̀. Ṣúgà ti jókòó síbi tó yẹ. Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣí i, bàbá ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Jẹ́ẹ́ ni bàbá kọ́kọ́ wò.

"Irùngbọ̀n nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún tó kọjá."

Bàbá ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó ní ó yẹ kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó hu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun. Àmọ́ ó nawọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan án.

Nígbà tí wọ́n délé, ó lọ síbi tí àwọn ṣòkòtò tí Jẹ́ẹ́ rán kọ́ sí, gbogbo èyí tó rán nígbà tí ojú òun ò ríran. Ó yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú rírán wọn nínú. Ó tú méjì. Àwọn tó kù, ó gbé wọn padà síbi tí wọ́n wà, kò sì sọ nǹkan kan. Jẹ́ẹ́ mọ̀ pé ìyìn nìyẹn. Lẹ́yìn náà bàbá jókòó sídìí fèrèsé, ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá. Kò sí nǹkan tó fẹ́ rán.

Oṣù márùn-ún ni wọ́n tún jọ lò. Nọ́ọ̀sì ní kò pọn dandan kí wọ́n máa kọ ìwé mọ́. Wọn ò fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun tán, bàbá á fẹ̀yìn ti àga, á máa pè é, Jẹ́ẹ́ á máa kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ẹyin kan. Kọ ọ́ pé ẹyin náà le bí òkúta. Kọ ọ́ pé ìwọ lo sè é. Kọ ọ́ pé Káfíńtà wá ní àkókò oúnjẹ, pé ó ní òun ò jẹ, pé ó jẹ. Jẹ́ẹ́ tí wọ́n ní ìwé ò wọ̀ lórí kọ ìwé ìwọ̀n yẹn kún, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí bàbá bá fẹ́ kà á, á gbé e sún mọ́ ojú tó ríran, á ní ta ló kọ́ ọ láti kọ ẹ̀wà báyìí, á rẹ́rìn-ín, á sì kà á dópin.

Lẹ́yìn náà ni Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Àwọn ẹbí wá, wọ́n lọ. Ìyá Jẹ́ẹ́ wá, ó sunkún gan-an, ó bi í bóyá á bá òun lọ. Ó gbé èjìká sókè. Ìyá náà padà lọ. Káfíńtà kan pósí náà fúnra ẹ̀, ó fá a títí kò fi sí ibi kankan tó lè gún èèyàn. Jẹ́ẹ́ ń rán ṣòkòtò tó wà nílẹ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì. Kò kọ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta kan, nọ́ọ̀sì wọlé. Kò wọ aṣọ funfun, Jẹ́ẹ́ ò tètè dá a mọ̀. Ó gbé àga fún un. Wọ́n jókòó. Nọ́ọ̀sì ń wo ẹ̀rọ, ó ń wo tábìlì. Jẹ́ẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́ tó fọ ọwọ́ òkú bàbá kí wọ́n tó sin ín.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, Mà. Ṣé ó wà lára ohun tó pa wọ́n?"

Nọ́ọ̀sì ò sáré sọ pé rárá. Jẹ́ẹ́ fẹ́ràn ìyẹn. Ó ní ọkàn bàbá ti tóbi láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, dókítà ti rí i, ó ti kọ ọ́ sínú káàdì, oògùn ló ń dì í mú. Ó ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ máa ń dákẹ́ lójijì, kì í pariwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn fi ebi jẹ bàbá níyà, òun ò ní parọ́. Òun náà wà níbẹ̀, òun ló ń ka ìwé, tó ń ní kó dín in kù, tí kò sì wo bàbá fúnra ẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀bi, kí wọ́n pín in sọ́nà méjì. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló pa bàbá.

Jẹ́ẹ́ ò mi orí. Kò gbé èjìká.

"Oúnjẹ yẹn ò dùn rárá," ó wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lásán."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó ní òun ti bi bàbá nípa ẹ̀ rí, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ojú tán. Òun ní kó má bínú. Bàbá ní bínú sí kí ni.

"Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, kò sẹ́ni tó bá òun jẹ oúnjẹ tí kò dùn rí, àfi ìwọ. Ó ní bó o ṣe ń jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀ yẹn, òun ń gbọ́ ọ."

Jẹ́ẹ́ dìde. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó dojú kọ títì. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó dúró. Nígbà tó yá, ó bi í pé kí ló ń jẹ. Ó ní búrẹ́dì. Ó bi í pé kí ló tún ń jẹ. Ó gbé èjìká sókè. Nọ́ọ̀sì gbé báàgì ẹ̀, ó ní kó se nǹkan lónìí, ohunkóhun tó bá gba iná. Ó fi ọwọ́ gbá a léjìká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ pẹ̀lú ìrìn kíákíá ẹ̀ yẹn.

Jẹ́ẹ́ wọ ẹ̀yìn lọ. Ó rí ẹ̀wà nínú ọ̀rá kan lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ó bu ife méjì sínú abọ́ kó tó wò ó. Ó da ọ̀kan padà. Ó wo èyí tó kù, kò mọ̀ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré. Kò se oúnjẹ tí ẹnì kan ṣoṣo á jẹ rí láyé ẹ̀. Ó tún bu díẹ̀ sí i, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé abọ́ náà jáde sẹ́yìnkùlé, níbi tí oòrùn ti tàn dáadáa, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó tẹ́ ẹ̀wà náà pẹrẹsẹ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, òkúta sápá kan, èyí tí kòkòrò ti jẹ sápá kan.